Ìwé ló ṣíwájú ọkọ̀ òfurufú

Láti Annonay dé Kitty Hawk, láti Paris dé Dakar: bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ọgbọ́n lé ara wọn lọ́wọ́ títí wọ́n fi mọ bí a ti ń fò.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 1899, ọkùnrin kan tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tà ní ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà kan. Wilbur Wright ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 32 sì ni. Kò lọ sí yunifásítì rí. Kò tilẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Smithsonian, ilé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó wà ní ìlú Washington, ni ó kọ lẹ́tà náà sí. Ohun tó tọrọ kò pọ̀: kí wọ́n fi àwọn ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ fífò ránṣẹ́ sí òun, kí wọ́n sì dárúkọ àwọn ìwé mìíràn tí òun lè wá kà. Wọ́n dá a lóhùn. Ìwé pẹlẹbẹ mélòó kan dé, àkójọ orúkọ ìwé sì tẹ̀lé e.

Ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 1903, Wilbur àti àbúrò rẹ̀ Orville fi ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì, tó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, fò kúrò nílẹ̀, pẹ̀lú ènìyàn lórí rẹ̀ tó ń darí rẹ̀. Ọjọ́ yìí ni gbogbo ayé ń rántí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ohun ìyanu yìí ṣe ṣẹlẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a kọ lẹ́tà, kí ó sì tún padà sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ìtàn ọkọ̀ òfurufú jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà gidigidi: àwọn tó kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ la ọ̀nà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn tó fi tiwọn pamọ́ sì fi àríyànjiyàn sílẹ̀ láyé.

Àwọn oníṣẹ́ tákàdá ti Annonay

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe tákàdá ni ọmọ ènìyàn ti kọ́kọ́ rí ọ̀nà àtigòkè. Ní Annonay, ní apá gúúsù ilẹ̀ Faransé, iṣẹ́ ìdílé Montgolfier ni tákàdá ṣíṣe. Méjì nínú àwọn ọmọ ìdílé náà, Joseph àti Étienne, ń ronú lórí èéfín tó ń gòkè láti inú iná. Bí a bá ká a mọ́ inú àpò fífúyẹ́, ṣé kò ní gbé àpò náà lọ sókè? Wọ́n rán aṣọ di àpò ńlá, wọ́n fi tákàdá tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 1783, àpò náà gbéra níṣojú àwọn ará ìlú wọn. Èéfín ni wọ́n rò pé ó gbé e; afẹ́fẹ́ gbígbóná ni, nítorí ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tútù tó yí i ká lọ.

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún kan náà, ní Versailles, níwájú ọba Louis Kẹrìndínlógún, wọ́n fi àgùntàn kan, pẹ́pẹ́yẹ kan àti àkùkọ kan sínú agbọ̀n, wọ́n so agbọ̀n náà mọ́ àpò mìíràn. Ẹran àti ẹyẹ wọ̀nyí gòkè, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Nígbà tó di ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, ó kan ènìyàn. Pilâtre de Rozier àti ìjòyè kan, marquis d'Arlandes, fò kọjá lókè ìlú Paris fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25.

Síbẹ̀, àpò afẹ́fẹ́ ní àbùkù ńlá kan: ibi tí ẹ̀fúùfù bá ń lọ náà ni ó ń lọ. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ewé gbígbẹ lójú ọ̀nà ìjì. Pilâtre fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà, ọdún 1785, nígbà tó fẹ́ gba ojú òfurufú kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lókè, ó sì já bọ́ pẹ̀lú òun àti ẹnì kejì rẹ̀. Gígòkè ti ṣeé ṣe; ìbéèrè tó kù ni bí ènìyàn yóò ṣe máa lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́.

Ẹni tó ń wo ẹyẹ àkọ̀

Títí di àkókò yìí, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹni tó bá fẹ́ fò bí ẹyẹ gbọ́dọ̀ máa ju apá bí ẹyẹ. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, George Cayley, ló yí èrò náà padà. Ní ọdún 1799, ó fín àwòrán kan sára fàdákà róbótó kékeré. Ohun tí àwòrán náà ń sọ ni pé ohun tó ń gbé ọkọ̀ sókè yàtọ̀ sí ohun tó ń tì í síwájú. Kí apá dúró gbọn-in, kí ohun mìíràn sì máa ti ọkọ̀ lọ: afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ àti orí apá kọjá ni yóò gbé e. Ní ọdún 1809 àti 1810, ó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde kí gbogbo ènìyàn lè kà á.

Ẹni tó fi ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ náà wò jù lọ ni Otto Lilienthal, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Jámánì. Láti ìgbà èwe ni òun àti àbúrò rẹ̀ Gustav ti ń ṣọ́ ẹyẹ àkọ̀, tí wọ́n ń wo bí apá rẹ̀ ṣe tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀. Wọ́n wọn agbára tí afẹ́fẹ́ ní lára oríṣiríṣi apá, wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, Otto sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde nínú ìwé kan ní ọdún 1889. Láti ọdún 1891, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá tí ó ṣe fúnra rẹ̀ fò láti orí òkè. Ó fò tó ìgbà 2.000. Àwọn ayàwòrán yà á níbi tó gbé wà lójú òfurufú, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé àwòrán náà káàkiri ayé.

Ọkọ̀ rẹ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá fẹ́ darí rẹ̀, ara rẹ̀ ni ó ń jù sọ́tùn-ún tàbí sósì, síwájú tàbí sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 1896, afẹ́fẹ́ dá ọkọ̀ náà dúró lójijì. Lilienthal gbé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò gbọ́. Ó já bọ́ láti ibi tó ga tó mítà 15, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, ó sì kú lọ́jọ́ kejì ní Berlin. Ọmọ ọdún 48 ni.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ará yòókù ní láti mọ ibi tí kòtò náà wà, Lilienthal sì ti kọ ọ̀nà tó tọ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìròyìn ikú rẹ̀ dé Dayton. Ohun tí àwọn Wright rí fà yọ nínú rẹ̀ ni pé kò sí èrè nínú apá tó dára àti ẹ́ńjìnnì tó lágbára bí ẹni tó wà lórí ọkọ̀ kò bá lè darí rẹ̀.

Èyí tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan ti ń gba ọ̀nà mìíràn. Clément Ader ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá, ọdún 1890, ní Armainvilliers lẹ́bàá Paris, ó gun ọkọ̀ kan tí apá rẹ̀ dà bí ti àdán, tí ẹ́ńjìnnì tí ooru omi ń yí sì ń tì lọ. Éole ni ó sọ ọ́. Ọkọ̀ náà kúrò nílẹ̀ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 20, fún nǹkan bíi mítà 50. Ọdún 13 ṣáájú àwọn Wright ni èyí. Ader náà ló dá orúkọ tí àwọn Faransé ń pe ọkọ̀ òfurufú títí dòní: avion.

Kí ló wá dé tí gbogbo ayé kò fi ka ọjọ́ náà sí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé Ader kò ní ọ̀nà tó dájú láti darí ọkọ̀ náà. Ìdí kejì ni pé ìkọ̀kọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn ológun ilẹ̀ Faransé fún un lówó kí ó ṣe òmíràn fún ogun, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 1897, ní Satory, wọ́n dán ọkọ̀ tuntun náà wò. Ẹ̀fúùfù tì í kúrò lójú ọ̀nà, ó bàjẹ́, àwọn ológun sì dáwọ́ owó dúró. Ní ọdún 1906, Ader sọ pé òun fò tó mítà 300 lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé tí àwọn ológun tó wà níbẹ̀ ti kọ, ní ọdún 1910, wọn kò bá ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ Ader ti ọdún 1897 ṣì wà ní Musée des Arts et Métiers ní Paris, ẹwà rẹ̀ sì ń ya àwọn tó bá wò ó lẹ́nu. Ọlọ́gbọ́n ni, akíkanjú sì ni. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dé ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn nígbà tí ó gbóná, ẹnikẹ́ni kò rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀.

Láti ilé ìtẹ̀wé dé ilé kẹ̀kẹ́

Kí àwọn Wright tó ṣe kẹ̀kẹ́, ìwé ni wọ́n ń tẹ̀. Ní ọdún 1889, wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ṣe fúnra wọn tẹ ìwé ìròyìn àdúgbò wọn. Ní ọdún 1890, wọ́n tẹ òmíràn, Dayton Tattler, fún ọmọ kíláàsì Orville kan. Paul Laurence Dunbar ni, ọmọ ènìyàn dúdú kan ṣoṣo nínú kíláàsì náà, tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí, tó sì wá di gbajúgbajà akéwì ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1892, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ṣí ilé kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ kọ́ wọn ní ohun kan. Kẹ̀kẹ́ kì í dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tó gùn ún ló ń gbé e ró ní gbogbo ìgbà. Wọ́n gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ òfurufú yóò rí. Wilbur wo ẹyẹ, ó sì rí i pé nígbà tí ẹyẹ bá fẹ́ yí, ó máa ń lọ́ etí apá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1899, ó mú páálí gígùn kan lọ́wọ́, ó lọ́ ọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì rí bí a ṣe lè fi okùn lọ́ apá ọkọ̀ lọ́nà kan náà.

Ní ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 1900, ó tún kọ lẹ́tà mìíràn, sí Octave Chanute. Paris ni wọ́n bí Chanute sí, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ó ti ṣiṣẹ́ ọ̀nà rélùwéè títí ó fi darúgbó. Ní ọdún 1894, ó ti kó gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn oríṣiríṣi ilẹ̀ gbìyànjú lórí fífò jọ sínú ìwé kan: ohun tó dára níbẹ̀, àti ohun tó kùnà. Lẹ́tà tó lọ tó bọ̀ láàrin wọn fún ọdún mẹ́wàá tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Wọ́n wá ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ dáadáa, tí iyanrìn sì rọ̀ fún ẹni tó bá ṣubú. Wọ́n rí i ní Kitty Hawk, létí òkun ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ní ọdún 1901, ọkọ̀ wọn tí kò tíì ní ẹ́ńjìnnì já wọn kulẹ̀. Agbára tí wọ́n fi ìṣirò inú ìwé retí kò sí níbẹ̀. Ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n padà sílé.

Ibí yìí ni ohun tó gba àròjinlẹ̀ wà. Ìwé ló mú wọn dé ibi tí wọ́n dé, ṣùgbọ́n ìwé náà ni wọ́n wá dìde láti yẹ̀ wò. Wọ́n kan àpótí gígùn kan, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì gbé apá kéékèèké tó tó 200 oríṣi sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wọn ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n rí i pé iye kan tí gbogbo ènìyàn fi ń ṣírò agbára afẹ́fẹ́, tí a ń da láti ìwé sí ìwé láti ayé John Smeaton, onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí iye náà ti wà nínú ìwé. Kíkà nìkan kò tó. Ẹni tó kà gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n wò.

Ọkọ̀ ọdún 1902 fò bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n fi ìrù tó ṣeé yí sí i, wọ́n sì fi fò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Ẹ́ńjìnnì ló kù. Charlie Taylor, mẹkáníìkì ilé kẹ̀kẹ́ wọn, bá wọn ṣe é ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 1903, òtútù mú, ẹ̀fúùfù sì le. Ènìyàn márùn-ún péré ló wá wò wọ́n. Orville kọ́kọ́ gùn ún: ìṣẹ́jú àáyá 12, nǹkan bíi mítà 36, èyí tí kò tó ìdajì gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń gbà á fún ara wọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Wilbur wà lókè fún ìṣẹ́jú àáyá 59, ó sì fò ní mítà 260. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù dojú ọkọ̀ náà dé, ó fọ́, kò sì tún fò mọ́ láé. Ṣùgbọ́n John Daniels, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà, ti tẹ kámẹ́rà tí Orville gbé kalẹ̀ ní ìgbà tí ọkọ̀ kọ́kọ́ gbéra. Àwòrán náà wà. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n tẹ wáyà sí bàbá wọn.

Paris kò gbà gbọ́

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1903, Chanute ti sọ̀rọ̀ ní Paris fún ẹgbẹ́ Aéro-Club de France lórí ohun tí àwọn Wright ń ṣe ní Kitty Hawk. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé jí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ tiwọn.

Àwọn Wright ń tẹ̀síwájú. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 1905, wọ́n fò yí pápá kan ká lẹ́bàá Dayton fún nǹkan bíi kìlómítà 39 láìsọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rù bà wọ́n pé àwọn ẹlòmíràn yóò jí ọgbọ́n wọn. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà pamọ́, wọn kò sì fò mọ́ fún ọdún méjì àti ààbọ̀. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìjọba ní ọdún 1906 kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe irú rẹ̀ láìgba àyè lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ti jẹ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n wá ti ilẹ̀kùn mọ́ tiwọn. Ohun tó sì dé bá Ader dé bá wọn: ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Paris pè wọ́n ní òpùrọ́.

Ìgbà náà ni ọmọ Bràsíìlì kan, Alberto Santos-Dumont, gba orí pápá. Bràsíìlì yìí náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé Àgùdà ti padà wá sí Àjàṣẹ́. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá, ọdún 1906, ní Bagatelle ní Paris, ó fò ní nǹkan bíi mítà 60 níṣojú ogunlọ́gọ̀. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá, ó fò ní mítà 220, àwọn aláṣẹ sì wọ̀n ọ́n. Títí dòní, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ Bràsíìlì ń pè ní baba ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tó tún ṣe ọkọ̀ kékeré kan tó sọ ní Demoiselle, ó gba ẹnikẹ́ni láyè láti kan irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ, ọdún 1908 ni àríyànjiyàn parí. Wilbur Wright gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sí pápá eré ẹṣin kan lẹ́bàá Le Mans. Kò lò ju ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 45 lọ lókè, ṣùgbọ́n ó yí bí àṣá ṣe ń yí. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé tó wà níbẹ̀, tí Louis Blériot wà lára wọn, gbà pé ọ̀gá ni. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 25, oṣù Keje, ọdún 1909, Blériot fúnra rẹ̀, tí iná ti jó lẹ́sẹ̀, fi ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju agbára ẹṣin 25 lọ la òkun kọjá láti ẹ̀gbẹ́ Calais dé Dover ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 37, láìní kọ́ńpáàsì. Ìrìn àjò tí Pilâtre kú sí ti wá di ìrìn wákàtí tí kò pé.

Wilbur lo ọ̀pọ̀ nínú ọdún tó kù fún un ní ilé ẹjọ́, níbi tó ti ń bá àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ṣẹjọ́ nítorí ìwé àṣẹ náà. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló pa á ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 1912, ọdún 13 géérégé sí ọjọ́ tó kọ lẹ́tà sí Smithsonian. Ọmọ ọdún 45 ni.

Títí dé Áfíríkà

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1913, Roland Garros gbéra ní Fréjus, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Bizerte ní Tùnísíà lẹ́yìn wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 53. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fò la òkun Mẹditaréníà kọjá dé ilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Pierre-Georges Latécoère, tó ń kan ọkọ̀ òfurufú ní Toulouse, pinnu láti fi ọkọ̀ òfurufú kó lẹ́tà. Ọ̀nà náà gba Sípéènì àti Mòrókò kọjá, ó sì dé Dakar ní ọdún 1925. Ní ọjọ́ 12 sí 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 1930, Jean Mermoz àti àwọn méjì tó bá a lọ gbéra ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n fò la òkun Àtìláńtíìkì já, wọ́n sì dé Natal ní Bràsíìlì. Lẹ́tà ni ẹrù tí wọ́n gbé.

Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn Wright àti lẹ́tà wọn pẹ̀lú Chanute wà ní ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington. Ẹni tó bá ṣí wọn lónìí yóò rí iye tí wọ́n kọ nínú òtútù Kitty Hawk, yóò rí èyí tó tọ̀nà àti èyí tí kò tọ̀nà. Igi àti aṣọ ọkọ̀ ọdún 1903 fọ́ lọ́jọ́ tí ó fò. Ohun tí wọ́n kọ kò fọ́, òun náà ni àwọn tó tẹ̀lé wọn gùn.